Àpò Méjìlá Láti Tówé

"Ìwọ lo wọn àpò wọ̀nyí fúnra rẹ, àbí abẹ́ igi kan lo jókòó sí tí o ń kọ iye tó wù ọ́?"

Madamu Flavienne, ọ̀gá bírò wọn ní Pobẹ̀, kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọ Kúlúsúmì lọ́rùn. Ohùn jẹ́jẹ́ tí obìnrin náà fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí àyà ọmọbìnrin náà já.

"Mo wọ̀n wọ́n, Madamu. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé wọn kọ́ òṣùwọ̀n."

"Ní Tówé?"

"Ní Tówé, Madamu."

"Ó dáa. Wá ka èyí fún mi."

Flavienne yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ ilé méjìlá ló wà níbẹ̀, ìwọ̀n àpò ilé kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú orúkọ. Kúlúsúmì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kílò wọn. Mẹ́rin ààmì kan. Mẹ́rin géérégé. Mẹ́rin ààmì méjì. Mẹ́rin ààmì kan. Mẹ́rin ààmì kan. Bó ṣe ń kà á lọ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó ń tẹ̀ wọ́n sínú tabulẹ́ti tí wọ́n fún un, ilé kan ló ń rí lẹ́ẹ̀kan. Kò rí wọn kí wọ́n tò tẹ̀ léra báyìí rí. Wọ́n jọra wọn bí ẹyin inú ìtẹ́ kan ṣoṣo.

Oṣù kẹta rèé tí àjọ kan ní Kútọnu ti gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba fẹ́ mọ iye ọ̀rá àti ike ìdìpọ̀ ọjà tí ará ìlú ń dà nù lọ́dún: ọ̀rá omi, ìgò ike, ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá dúdú tí ìyá ọlọ́jà fi ń di tòmátì. Iṣẹ́ náà kò le lẹ́nu. Wọ́n á fún ilé tí wọ́n bá yàn ní àpò funfun kan. Ilé náà á máa da ọ̀rá àti ike tó bá ti di pàǹtí sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹjọ, òṣìṣẹ́ á padà wá wọ̀n ọ́n. Ọgbọ̀n ilé ni Kúlúsúmì gbà ní Sakété, méjìlá ní Tówé nítòsí Pobẹ̀. Ilé méjìlá yìí ló sì dúró fún gbogbo ilé oko tó wà ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ohun tí wọ́n bá dà nù ni wọn yóò sọ di púpọ̀ títí yóò fi kárí gbogbo oko.

"Ní Sakété, tí ṣọ́ọ̀bù ti fara ti ṣọ́ọ̀bù," Flavienne tún bẹ̀rẹ̀, "ilé kan ń da kílò kan àti díẹ̀ nù lọ́sẹ̀. Ní Tówé, láàárín igi ọ̀pẹ, kílò mẹ́rin. Kílò mẹ́rin, Kúlúsúmì! Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Ọ̀rá?"

Martial tó jókòó ní kọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìwádìí kẹta tí òun ń ṣe nìyí, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Madamu, bóyá ọ̀rá ni wọ́n fi ń gún iyán lọ́hùn-ún."

"Ìwọ, dákẹ́." Flavienne kò yíjú sí i. "Kúlúsúmì, ẹni tó bá fẹ́ purọ́ iye, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí. Á mú nọ́ńbà kan, á máa fi díẹ̀ kún un, á máa yọ díẹ̀ kúrò. Wọ́n ti rí i ní Kútọnu kí n tó rí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀, kò ní bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́ láyé, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba oníwádìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi ìwé Plateau ránṣẹ́. Ayẹ̀wéwò kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ́la. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ sí Tówé."

"Ta ni, Madamu?"

"Misié Faïssal."

Kúlúsúmì di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú.

Ùmmùkùlsúmì ni wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é parí. Faïssal nìkan ló pè é parí rí. Ìyẹn jẹ́ ní Àjàṣẹ́, lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́. Faïssal ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ọwọ́ òṣùwọ̀n padà sí òdo kí wọ́n tó gbé nǹkan kọ́ ọ. Ó ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, "Ùmmùkùlsúmì," ó pe ìró kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́ oyin wò. Láti ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di "Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ó di "Òjò ń rọ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ń rán mi létí rẹ," tí Kúlúsúmì sì ka ìyẹn ní ìgbà mọ́kàndínlógún kó tó sùn. Nísinsìnyí, nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ayẹ̀wéwò, Faïssal náà ni wọ́n rán wá wo bóyá òpùrọ́ ni òun.

Bí Flavienne ṣe bọ́ síta láti gba ìpè, Martial fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Àbúrò, gbọ́. Tabulẹ́ti ẹ ṣì ṣí sílẹ̀ di ọ̀la, àbí? Dín wọn kù. Fi kílò kan dín díẹ̀ síbì kan, kílò kan lé díẹ̀ síbòmíràn, fi ìdajì kílò sí ilé méjì níbẹ̀. Kó rí jákujàku. Iye tó bá ti jọ ohun tí wọ́n ń retí, ta ló máa tìtorí ẹ̀ gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Tówé?"

"Ṣùgbọ́n mo wọ̀n wọ́n, Bùrọ̀dá Martial."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o wọ̀n wọ́n? Òótọ́ rẹ ló jọ irọ́. Fún wọn ní irọ́ tó jọ òótọ́, kí gbogbo wa máa lọ sílé wa."

Kúlúsúmì gbé tabulẹ́ti rẹ̀ sínú báàgì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọ̀rọ̀ náà wọ òun létí.

Ní Sakété, ìrun ààsárì ti parí nígbà tó dé ilé. Bàbá rẹ̀, Alájì Ṣùáíbù, wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìrẹsì àti ọṣẹ láti ìgbà tí ìyá Kúlúsúmì ti wà ní wúńdíá, ó ń nu àwo òṣùwọ̀n rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ kó tó pa ilẹ̀kùn dé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Bí oníbàárà bá ní ẹ rẹ́ òun jẹ, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò rẹ́ ẹ jẹ ńkọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo kàn ń béèrè ni."

Bàbá náà wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Mi ò ní bá a jà. Màá tún un wọ̀n lójú rẹ̀. Bó bá pé, ojú á tì í. Bí kò bá pé, ojú á ti èmi. Ìtìjú méjèèjì, èèyàn ò ní tìtorí ẹ̀ kú." Ó fi aṣọ bo òṣùwọ̀n náà. "Lọ jẹun. Ìyá ẹ ti ń wo ọ̀nà ẹ."

Kò lè jẹun. Lẹ́yìn ìrun ìṣáà, fóònù rẹ̀ tàn. Faïssal ni. "Mò ń bọ̀ lọ́la, agogo mẹ́jọ. Jọ̀wọ́, má fọwọ́ kan iye kankan."

Kò béèrè bóyá ó ti jẹun. Kò sí òjò Àjàṣẹ́ níbẹ̀. Kúlúsúmì ṣí tabulẹ́ti, ó gbé ìka lé ilé àkọ́kọ́ ní Tówé, mẹ́rin ààmì kan. Ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó pa á, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì da ojú kọ ògiri.

Agogo mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tí alùpùpù Faïssal dúró níwájú bírò ní Pobẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó nà gbọọrọ, ojú rẹ̀ sì ṣe bí ojú ẹni tí kò sùn. Wọ́n kí ara wọn bí àjèjì.

"Ẹ káàárọ̀, Misié."

"Ẹ káàárọ̀. Ṣé òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ yín?"

'Yín.' Ọ̀rọ̀ kan péré, ó gún un bí ẹ̀gún. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó gbé òṣùwọ̀n sí àárín àwọn méjèèjì bí ògiri, wọ́n sì mú ọ̀nà Tówé pọ̀n.

Erùpẹ̀ pupa ń rú lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti kọjá oko àgbàdo méjì kí Faïssal tó sọ̀rọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Ìwé mẹ́ta ni mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ ike ní ilẹ̀ yìí. Iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí níbẹ̀. Ọ̀kan fi ìlọ́po mẹ́rin ju èkejì lọ. Mo bi ẹni tó kọ ọ́ pé níbo ló ti rí i, ó ní inú ìwé kan ni. Mo wá ìwé ọ̀hún kàn, òun náà ní inú ìwé mìíràn ni. Kò sẹ́ni tó gbé àpò kọ́ òṣùwọ̀n. Ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ yìí nìyẹn."

"Mo gbé e kọ́," ni Kúlúsúmì sọ. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mo gbé e kọ́!"

Faïssal dín eré kù. "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o má fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ká ní o tún un ṣe lálẹ́ àná, kò sí bí mo ṣe máa gbà ọ́ sílẹ̀."

'O.' Kúlúsúmì gbọ́ ọ. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó gbé òṣùwọ̀n náà kúrò láàárín wọn, ó gbé e lé itan.

Ìyá Arlette ni ilé àkọ́kọ́ lórí ìwé. Opó ni, epo pupa ló ń ṣe, gbogbo àdúgbò ló sì ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà pè é. Kò tíì dé láti ibi epo. Wọ́n jókòó sábẹ́ ibòòji ọ̀pẹ níwájú ilé láti dúró dè é. Faïssal mú abọ́ oníderí aláwọ̀ aró kan jáde nínú àpò rẹ̀. Àbòbò, ìyẹn ẹ̀wà sísè, àti gààrí ló wà nínú rẹ̀, òórùn epo rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́.

"Màmá mi ló sè é. Jẹ ẹ́."

"Mo ti jẹun."

"Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ká mọ́ ọ lọ́wọ́ rèé. Ojú rẹ ò kúrò lára abọ́ yìí. Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ojú tì í nígbà tó rí ìsàlẹ̀ abọ́. "Màá fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà," ló sọ, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Faïssal kò gbọ́ ọ mọ́. Ọgbà ilé ló ń wò. Lórí ọ̀pá ọgbà kọ̀ọ̀kan, ìgò ike kan wà tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Ó ju ogójì lọ. Lórí okùn, ọ̀rá omi tí wọ́n là, tí wọ́n sì fọ̀, wà láàárín aṣọ ọmọdé. Ilẹ̀ àgbàlá mọ́ tónítóní. Kò sí ọ̀rá kan ṣoṣo nílẹ̀.

"Kúlúsúmì. Ilé tó ń da kílò mẹ́rin nù lọ́sẹ̀ rèé?"

Kúlúsúmì náà wò yíká. Lọ́jọ́ tó wá wọn àpò, àpò náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n so ó pinpin. Kò wọ àgbàlá rárá.

"Háà! Ọmọ mi ti dé!" Ìyá Arlette ń bọ̀ lọ́nà, epo pupa dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kúlúsúmì kúnlẹ̀. Faïssal dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ta lèyí? Ọkọ ẹ ni?"

"Rárá o, Màmá! Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Ọ̀gá lónìí, kò burú." Ìyá náà nu ọwọ́ lára ìró rẹ̀. "Kí lẹ bá wá?"

Faïssal bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ máa ń da ọ̀rá àti ike sí?"

"Ike wo?"

"Èyí tí ẹ bá ti lò tán."

"Báwo ni mo ṣe máa lò ó tán?" Ìyá Arlette wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ìlú ńlá. "Ìgò, epo ni mo ń rọ sí i. Ọ̀rá iyọ̀, irúgbìn ni mo ń kó sí i. Ọ̀rá omi, mo fi ń gbin èso ọ̀pẹ kéékèèké. Bídọ̀n omi tó bá jò, Innocent lẹ́bàá mi á bẹ́ ẹ sí méjì, á di ohun ìmumi adìyẹ. Ta ló ń da nǹkan nù nínú oko?"

"Kí ló wá kún inú àpò tí mo wọ̀n, Màmá?" Ohùn Kúlúsúmì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Ìyá náà wo Faïssal, ó wo Kúlúsúmì, ó sì bojú wo ilẹ̀ bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ.

"Ṣé ó kéré ni?"

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Bó bá kéré ni, ẹ má bínú, ọmọ mi. Orúnkún yìí ni. Mi ò lè rìn dé ìkọjá afárá. Ẹ̀gbẹ́ títì níbí nìkan ni mo lè ṣà, Ìyá Prudence ti ṣáájú mi ṣà níbi tí ọkọ̀ ń gbà dúró."

Adìyẹ kan ń mu omi nínú ìdajì bídọ̀n.

"Màmá," Faïssal rọra sọ, "ẹ ṣà á lójú títì?"

"Kí ni mo máa ṣe? Ọmọ yìí dé ẹnu ọ̀nà mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè orúnkún mi. Àwọn ọmọ tí mo bí ò béèrè rẹ̀. Ó gbé àpò tuntun funfun báláú fún mi, ó ní òun á padà wá gba àpò òun lọ́jọ́ kẹjọ. Kí n wá dá àpò padà fún un lófìfo? Ọmọ ta ni mo jẹ́? Abọ́ tí àlejò bá gbé wọ ilé ní Tówé kì í jáde lófìfo. Bó jẹ́ iyọ̀, èèyàn á wá nǹkan fi sí i. Òun ní ọ̀rá lòun ń fẹ́. Ó yà wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí àlejò bá fẹ́ náà ni. A kún un dé ẹnu."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo ilé méjèèjìlá! Ẹ bi wọ́n léèrè."

Wọ́n bi wọ́n. Ilé kejì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Prudence ní ilé kẹta kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n béèrè tán. "Tèmi ló wúwo jù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo gé bídọ̀n mi tó dáa sí i. Mo sọ fún Ìyá Arlette pé kò lè bá mi dù ú."

"Mẹ́rin ààmì méjì ni tiyín, Màmá," ni Kúlúsúmì sọ. Bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, ó fi ìborí nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín. Ìdí tí nọ́ńbà fi jọra ti yé e wàyí. Àpò kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì kún un dé ẹnu. Kò purọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò purọ́! Ó ṣe é bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn.

Faïssal ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò ó lójú, ẹ̀rín rẹ̀ sì dín kù.

"O ò purọ́, Ùmmùkùlsúmì. Ṣùgbọ́n iye yẹn kì í ṣe tiwọn. Pàǹtí àwọn tó ń gba ojú títì kọjá ni."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí òkúta kan. "Ohun kan sì wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo wá wọ̀n wọ́n, mo rí i pé wọ́n kún jù. Inú mi dùn sí i ni. Mo ní Kútọnu á mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Mi ò béèrè ohunkóhun."

Faïssal kò dá a lẹ́bi, kò sì tù ú nínú. Ó kàn mú fóònù, ó pe Madamu Flavienne, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún bí ẹni máa ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ohùn iṣẹ́ padà.

"Ó dáa, a dúpẹ́, ọmọ náà kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n Ìṣẹ́gun ni Kútọnu ń retí mi. Kò sáyè ọjọ́ méje míì. Ẹ mú iye Sakété, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi sí Tówé. Oko kò lè ju ìdajì ìlú lọ. Ta ló máa bínú?"

Faïssal wo Kúlúsúmì. Ó na fóònù sí i.

Kúlúsúmì gbà á. "Madamu, èmi ni o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pín nǹkan kan. Ẹ fi àyè Tówé sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò tíì mọ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Mo máa tún un wọ̀n."

"Lófìfo? Kí n fi ìwé òfìfo ránṣẹ́ sí Kútọnu?"

"Ìwé Kútọnu kì í ṣe abọ́ àlejò, Madamu. Ẹ lè dá a padà lófìfo."

Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà ń ṣí kàlẹ́ńdà wò lọ́hùn-ún.

"Ọjọ́ mẹ́wàá," ni Flavienne sọ níkẹyìn. "Màá bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò fún ọ ní mọ́kànlá o. Bákan náà, kọ ìwé fún mi, kí o sọ ohun tí o rí lọ́jọ́ yẹn tí o ò béèrè."

"Mo gbọ́, Madamu. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún ilé méjèèjìlá yí ká. Kò mú àpò dání. "Màmá, apẹ̀rẹ̀ yín tó ti gbó ni kí ẹ lò," ló ń sọ fún wọn. "Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ dà nù ní tòótọ́ ni kí ẹ jù sí i. Kò sí nǹkan tí ẹ máa dá padà fún mi. Mo kàn máa yọjú wò ó ni, màá sì lọ."

"Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Arlette béèrè.

"Òfo náà, màá kọ ọ́."

Ìyá náà rò ó. "Bó bá jẹ́ apẹ̀rẹ̀ tèmi ni, kò kan ẹnikẹ́ni bó bá ṣófo." Ara rẹ̀ rọ̀. "Orúnkún mi á sinmi."

Lọ́jọ́ kẹjọ, Faïssal tún wá láti Àjàṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an lọ́tẹ̀ yìí. Òun ló ń di òṣùwọ̀n mú, Kúlúsúmì ló ń kà á. Òdo ààmì mẹ́ta ní ilé kan. Òdo ààmì kan ní òmíràn. Ti Ìyá Prudence, tí wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣì ni aṣíwájú. Jákujàku ni gbogbo rẹ̀, kò sí méjì tó jọra.

Nínú apẹ̀rẹ̀ Ìyá Arlette, ọ̀rá oògùn kan ló wà níbẹ̀, èyí tí ó fi ra oògùn orúnkún. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò mira. Kúlúsúmì tẹ òdo. Tabulẹ́ti béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó wo àgbàlá mímọ́ náà, ó wo ogójì ìgò lórí ọgbà, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Arlette ti dúró dè é pẹ̀lú ìgò epo pupa kan, ó kún dé ọrùn. "Kì í ṣe ti àpò o," ló yára sọ. "Èyí, ti ìkíni ni."

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, Kúlúsúmì mú ohun kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Abọ́ oníderí aláwọ̀ aró náà ni, ó fi ìborí rẹ̀ aláwọ̀ òféèfé dì í, ó sì so ó lókè. Láti ìdájí ló ti wà nídìí iná. Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló ń se ìrẹsì àti wàràkàṣì díndín fún láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa, ọ̀gá ni.

"Abọ́ yín, Misié."

Faïssal gbà á, ó sì yà á lẹ́nu bó ṣe wúwo tó. Ó wò ó, ó wo Kúlúsúmì, ó sì fi ojú iṣẹ́ gbé e kọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n sáré kọjá òdo.

"Kílò kan àti ààbọ̀. Ilé wo ni kí n kọ ọ́ sí?"

"Má kọ ìyẹn sílẹ̀."

Faïssal rọra sọ abọ́ náà kalẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e mọ́ àyà.

"Ìborí tí mo fi dì í, tèmi ni o," ni Kúlúsúmì sọ. Ọ̀nà tó lọ sí Pobẹ̀ ló ń wò, kò wo ojú rẹ̀. "Màá retí rẹ̀."

"Lófìfo?"

Kúlúsúmì gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó gbé òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìgò epo sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò sì fi ohunkóhun sí àárín wọn.